Ògiri Tí Ó Lanu: Ìtàn Bí A Ti Ṣe Kọ́ Láti Dáàbò Bo Ẹ́ńsáìmù

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ inú rẹ̀." Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, ìtumọ̀ kan ṣoṣo ni mo sì mọ̀ fún un, pé kí ènìyàn di gbogbo ihò tí ń bẹ lára ògiri rẹ̀ kí ọ̀tá má baà rí àyè. Nínú àròkọ yìí, ìtàn irú ògiri mìíràn ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, ògiri tí a mọ̀ọ́mọ̀ mọ kí ó lè lanu, ṣùgbọ́n tí ẹnu rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí aláǹgbá kò lè gba ibẹ̀ kọjá. Ìtàn náà kò ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Ní ilẹ̀ Faransé, Jámánì, Họ́lándì, Rọ́ṣíà, Amẹ́ríkà, Kánádà àti Jàpáànù ni ó ti ṣẹlẹ̀, ó sì gbà ju 150 ọdún lọ.

Ẹ lè bi mí pé kí ni ó kan akẹ́kọ̀ọ́ èdè nínú ọ̀rọ̀ àwọn oníkẹ́mísírì. Ohun méjì ni ó fà á. Èkíní ni pé ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa pé Yorùbá dára fún oríkì àti àlọ́, ṣùgbọ́n bí a bá dé ibi ọ̀rọ̀ ẹ́ńsáìmù àti pọ́límà, kí a yáa gbé èdè náà jókòó. Mo dìde láti dá a lóhùn, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tí ẹ́ńsáìmù jẹ́, ojú sì tì mí, mo tún jókòó. Èkejì ṣẹlẹ̀ nílé. Àrùn àtọ̀gbẹ ń bá Mámà àgbà wa jà. A máa ń gún wọn ní ìka, a ó kán ẹ̀jẹ̀ sórí páálí tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ẹ̀rọ kékeré a sì sọ iye ṣúgà tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn fún wa. Ní àkókò ìsinmi kan, èmi ni mo gbàgbé ìgò páálí náà ní ṣíṣí lójú fèrèsé fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tí a tún yẹ ẹ̀jẹ̀ Mámà wò, ẹ̀rọ ní ṣúgà wọn ti lọ sílẹ̀ jù, a sì fún wọn ní omi oníṣúgà mu. Ṣùgbọ́n òǹgbẹ ń gbẹ wọ́n, wọ́n ń tọ̀ ṣáá, ara wọn kò sì balẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ nọ́ọ̀sì kan ní àdúgbò tí ó mú páálí tuntun wá. Ìgbà náà ni a tó mọ̀ pé ńṣe ni ṣúgà Mámà ti ga kọjá ààlà. Nọ́ọ̀sì náà sọ fún mi pé ẹ́ńsáìmù ni ó wà lórí páálí yẹn, pé ọ̀rinrin àti ooru ti bà á jẹ́. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ààbò ẹ́ńsáìmù ti kúrò ní ọ̀rọ̀ oníkẹ́mísírì nìkan lójú mi.

Kí a tó rìn jìnnà, ó yẹ kí a mọ ohun tí a ń sọ. Ẹ́ńsáìmù ni òṣìṣẹ́ tíntìntín tí ń bẹ nínú gbogbo ohun tí ó ní ẹ̀mí, tí ń mú kí ìyípadà tí ìbá pẹ́ títí kí ó tó ṣẹlẹ̀ di ohun tí ń ṣẹlẹ̀ kíákíá, tí iṣẹ́ náà kì í sì í run òun fúnra rẹ̀. Àwọn ìyá wa ti mọ iṣẹ́ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ orúkọ rẹ̀ fún wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ a kọ́kọ́ rẹ àgbàdo, a sì jẹ́ kí ó hù. Ẹ́ńsáìmù tí ó jí nínú àgbàdo tí ó hù náà ni ó ń sọ ìyẹ̀fun inú rẹ̀ di ṣúgà, kí ìwúkàrà tó sọ ṣúgà di ọtí. Ẹni tí ó bá ra ẹran tí ó yi a gé ìbẹ́pẹ tútù mọ́ ọn. Ẹ́ńsáìmù inú oje ìbẹ́pẹ ni ó ń sọ ẹran náà di rírọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ́kọ́ se ìbẹ́pẹ náà jinná kí ẹ tó fi sí ẹran, ẹran yóò yi bí ó ti ń yi tẹ́lẹ̀. Ooru ti pa òṣìṣẹ́ kí ó tó dé ibi iṣẹ́.

Níbẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Òṣìṣẹ́ yìí lágbára, ṣùgbọ́n kò le. Ooru ń bà á jẹ́, omi kíkan ń bà á jẹ́. Ó tilẹ̀ wà nínú àwọn ẹ́ńsáìmù èyí tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ kí ó máa jẹ purotéènì, ó sì ń jẹ àwọn ẹ́ńsáìmù ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bí ẹja ńlá ti ń jẹ ẹja kékeré. Báwo ni a ó ṣe dáàbò bò ó tí kò fi ní bàjẹ́, síbẹ̀ tí kò fi ní di ẹlẹ́wọ̀n tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́? Ìbéèrè yìí ni gbogbo ìtàn tí mo fẹ́ sọ.

Ní 1833, àwọn ará Faransé méjì, Anselme Payen àti Jean-François Persoz, fi omi fa ohun kan jáde lára ọkà báálì tí ó ti hù. Ohun náà, bí ó ti kéré tó, ń sọ ìyẹ̀fun púpọ̀ di ṣúgà. Àkọ́kọ́ nìyí tí a óò ya ẹ́ńsáìmù sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ó bí i. Ní 1877, Wilhelm Kühne, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, fún irú nǹkan báyìí ní orúkọ tí gbogbo ayé ń pè é títí di òní. Láti inú èdè Gíríìkì ni ó ti fa orúkọ náà yọ, ohun tí ó sì túmọ̀ sí ni "nínú ìwúkàrà." Ẹ jẹ́ kí èmi akẹ́kọ̀ọ́ èdè dúró níbí díẹ̀. Àwọn tí a ń rò pé èdè wọn kò ṣe aláìní ọ̀rọ̀ kankan, yíyá ni àwọn náà yá èyí lọ́wọ́ Gíríìkì, ohun ìdáná sì ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ.

Ní 1897, Eduard Buchner, ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan náà, lọ ìwúkàrà pọ̀ mọ́ iyanrìn, ó sì fún omi inú rẹ̀ jáde. Kí omi náà má baà bàjẹ́, ó da ṣúgà púpọ̀ sí i, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ń fi ṣúgà pa èso mọ́. Ó yà á lẹ́nu nígbà tí omi náà bẹ̀rẹ̀ sí í hó, tí ṣúgà sì ń di ọtí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìwúkàrà kan tí ó wà láàyè nínú rẹ̀. Títí di ìgbà náà, èrò Louis Pasteur ni ó borí, pé láìsí ohun abẹ̀mí, ṣúgà kò lè di ọtí báyìí. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ti rí: ààbò ni Buchner ń wá, ìmọ̀ ni ó bá pàdé. Ní 1907 ni wọ́n fún un ní Ẹ̀bùn Nobel.

Ṣùgbọ́n kí ni ẹ́ńsáìmù fúnra rẹ̀? A kò lè rán aṣọ fún ẹni tí a kò wọ̀n. Richard Willstätter, ọ̀gá nínú àwọn oníkẹ́mísírì Jámánì, tí ó ti gba Ẹ̀bùn Nobel ní 1915, gbà pé ẹ́ńsáìmù kì í ṣe purotéènì, pé bí a bá rí purotéènì lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹrù tí ó rù ni. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá kì í tètè ṣubú. Ẹni tí ó bì í ṣubú ni James Sumner, olùkọ́ ní Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ó pàdánù apá òsì rẹ̀ níbi ọdẹ nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 17, bẹ́ẹ̀ ọlọ́wọ́ òsì ni tẹ́lẹ̀. Wọ́n sọ fún un pé alápá kan kò lè ṣe kẹ́mísírì. Láti 1917 ni ó ti ń wá ẹ́ńsáìmù tí ń jẹ́ urease nínú irú ẹ̀wà kan. Ní 1926 ni ó rí i bí òkúta kéékèèké tí ń dán, purotéènì pọ́ńbélé sì ni. Àwọn ará Jámánì kò tètè gbà á gbọ́. Nígbà tí John Northrop rí irú òkúta dídán bẹ́ẹ̀ láti ara pepsin, ẹ́ńsáìmù inú ikùn, ní 1930, iyàn jíjà bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Ní 1946 ni àwọn méjèèjì pín nínú Ẹ̀bùn Nobel.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí iyàn yìí fi ṣe pàtàkì, nítorí òun ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wa. Purotéènì dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sórí òwú, tí a wá ká jọ lọ́nà kan pàtó. Bí ìká náà bá tú, iṣẹ́ rẹ̀ bàjẹ́; ohun tí ooru ń ṣe fún un nìyẹn. Irú ìlẹ̀kẹ̀ 20 ni ó wọ́pọ̀ nínú rẹ̀. Òmíràn nínú wọn ní iná mànàmáná díẹ̀ lára, òmíràn kò ní. Ẹ rántí ìgbà ọyẹ́, bí aṣọ ọ̀rá ti máa ń ta pàrà-pàrà nígbà tí a bá ń bọ́ ọ, àti bí òòyà oníke tí a fi ya irun ti máa ń fa bébà mọ́ra. Oríṣi méjì ni iná yìí: àwọn ọ̀mọ̀wé ń fi àmì àròpọ̀ sàmì sí ọ̀kan, wọ́n ń fi àmì àyọkúrò sàmì sí èkejì. Àròpọ̀ àti àròpọ̀ a máa lé ara wọn, àyọkúrò àti àyọkúrò a máa lé ara wọn, ṣùgbọ́n àròpọ̀ àti àyọkúrò a máa fa ara wọn mọ́ra bí ọkọ àti ìyàwó. Lára purotéènì, bí omi tí ó wà nínú rẹ̀ bá ti kan tó ni ó ń sọ èyí tí yóò pọ̀ jù nínú àròpọ̀ àti àyọkúrò.

Pọ́límà náà, ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín ni, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà irú ìlẹ̀kẹ̀ kan náà ni ó ń tẹ̀ lé ara wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí iná àròpọ̀ bá wà lára àwọn ìlẹ̀kẹ̀ pọ́límà kan, tí iná àyọkúrò sì wà lára ti èkejì, tí a da àwọn méjèèjì pọ̀ sínú omi, wọn yóò lọ́ mọ́ ara wọn. Bí ẹ́ńsáìmù bá sì wà láàárín wọn, tí òun náà ní iná lára, wọn a ká a mọ́. Nítorí náà, ìgbà tí Sumner fi hàn pé purotéènì ni ẹ́ńsáìmù ni ó di mímọ̀ pé ẹ́ńsáìmù ní ohun tí a lè fi dì í mú láìfi èékánná kàn án lára.

Kí Sumner tó parí iṣẹ́ rẹ̀ ni a ti rí àpẹẹrẹ kan. Ní 1916, J. M. Nelson àti Edward Griffin ní Amẹ́ríkà rí i pé ẹ́ńsáìmù tí ń pín ṣúgà ìrèké sí méjì lè lẹ̀ mọ́ èédú, kí ó sì máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ bí ẹni pé kò sí ohun tí ó dì í mú. Ọ̀rọ̀ náà jókòó bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sẹ́ni tí ó fi ṣòwò.

Ní Họ́lándì, ní 1929, H. G. Bungenberg de Jong àti H. R. Kruyt kọ̀wé lórí ohun kan tí ó ń ṣẹlẹ̀ bí a bá da irú àwọn omi yíyọ̀ kan pọ̀. Ẹ mọ omi ẹsẹ̀ màlúù tí a sè tí ó di dídì nígbà tí ó tutù. Ohun tí ó mú un dì ni wọ́n ń pè ní gelatin. Ẹ mọ oje tí ń sun lára igi akéṣíà, tí wọ́n ń kó ní Sùdáànù àti ní òkè ọya Nàìjíríà tiwa. Bí a bá pò wọ́n pọ̀ sínú omi tí ó kan díẹ̀, gelatin a ní iná àròpọ̀, oje igi a ní ti àyọkúrò, àwọn méjèèjì a sì kóra jọ sí ẹ̀kán róbótó-róbótó tí ó ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ nínú omi náà. Bí a bá ti fi òróró sínú omi náà tẹ́lẹ̀, awọ yìí a wé mọ́ ẹ̀kán òróró kọ̀ọ̀kan. Ọgbọ́n yìí ni Barrett Green àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ National Cash Register ní Amẹ́ríkà lò ní àwọn ọdún 1950 láti ṣe ìwé rìsíìtì tí a ń kọ lókè tí ó ń hàn nísàlẹ̀ láìsí kábọ̀nù: àpò aró tíntìntín ni ó wà lẹ́yìn ìwé náà, ẹnu kálámù ni ó ń fọ́ wọn.

Alexander Oparin, ará Rọ́ṣíà, rí ohun mìíràn nínú àwọn ẹ̀kán yìí. Ó ń wádìí bí ohun abẹ̀mí àkọ́kọ́ ti ṣe bẹ̀rẹ̀ ní ayé. Ó fi oje igi akéṣíà àti purotéènì tí ó ní iná àròpọ̀ ṣe ẹ̀kán tirẹ̀, ó fi ẹ́ńsáìmù sínú rẹ̀, ó sì rí i pé ṣúgà tí a pèsè sílẹ̀ ń ti ìta wọlé, ó sì ń di ìyẹ̀fun nínú ẹ̀kán náà. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni ohun abẹ̀mí ṣe bẹ̀rẹ̀ tàbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn lé e lórí. Ṣùgbọ́n ohun kan dájú: ẹ́ńsáìmù lè wà nínú ilé tí pọ́límà méjì fi iná ara wọn kọ́, kí ó sì máa ṣiṣẹ́.

Wàyí o, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ibí ni mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí jù. Ní 1957, akẹ́kọ̀ọ́ kan wà ní Yunifásítì McGill ní Montreal, Kánádà, tí kò tíì gba oyè àkọ́kọ́. Thomas Chang ni orúkọ rẹ̀, ilẹ̀ Ṣáínà ni a ti bí i. Ó rò ó pé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ohun àràmàǹdà tí ènìyàn kò lè fara wé: awọ tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tí ó jẹ́ kí ohun kékeré wọlé kí ó sì jáde, tí kò jẹ́ kí ohun ńlá inú rẹ̀ bọ́ sóde. Nínú yàrá tí ó ń gbé ní ilé akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ti sọ ibùsùn rẹ̀ di ibi iṣẹ́, tí ó sì fi awọ collodion wé ohun inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹ́ńsáìmù rẹ̀. "Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀." Ọdún méje kọjá kí iṣẹ́ náà tó jáde nínú ìwé ìròyìn Science ní 1964. Ẹ́ńsáìmù tí ó lò níbẹ̀ ni urease, ẹ́ńsáìmù Sumner alápá kan. Ó fi sínú àpò, àpò náà sì ń tú èérí inú ẹ̀jẹ̀ ẹranko láìjẹ́ pé urease fúnra rẹ̀ bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ní 1968, òun àti Mark Poznansky fi catalase sínú irú àpò bẹ́ẹ̀ fún àwọn eku tí a bí láìní catalase tó, ó sì ṣe iṣẹ́ tí ara àwọn eku náà kò lè ṣe.

Ẹni tí ó bá ti sẹ́ ògì rí kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí àpò yìí. Asẹ́ ni. Omi ògì a gba inú asẹ́ kọjá, èèrí a jókòó. Ṣúgà, omi àti afẹ́fẹ́ kéré, wọ́n ń wọlé wọ́n ń jáde. Ẹ́ńsáìmù tóbi, kò lè jáde. Ẹ́ńsáìmù ọ̀tá tí ó fẹ́ jẹ ẹ́ náà tóbi, kò lè wọlé. Ògiri náà lanu, ṣùgbọ́n aláǹgbá kò gbà á.

Àpò Chang kò gbára lé iná ara pọ́límà kí ó tó dúró. Àwọn tí ó gbára lé e pátápátá ni mo fẹ́ sọ báyìí. Ní 1969, ní ilé iṣẹ́ Tanabe Seiyaku ní Jàpáànù, Ichiro Chibata àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú pọ́límà kan tí a fi ṣúgà ṣe, tí wọ́n ti fi iná àròpọ̀ sí lára, wọ́n sì jẹ́ kí ẹ́ńsáìmù tí ń jẹ́ aminoacylase fi iná àyọkúrò tirẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Ilé iṣẹ́ àkọ́kọ́ nìyí tí ó fi ẹ́ńsáìmù tí a so mọ́lẹ̀ ṣe òwò ńlá. Ṣáájú ìgbà náà, ńṣe ni wọ́n ń da ẹ́ńsáìmù nù lẹ́yìn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan nítorí pé kò ṣeé yà kúrò nínú omi. Nísinsìnyí ó jókòó sójú kan, omi ń gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá, bí agbára rẹ̀ bá sì ti ń rẹ̀, wọn a tún da tuntun sí orí pọ́límà kan náà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Gero Decher ní Jámánì mú ọgbọ́n náà dé ibi mìíràn. Ó ti gíláàsì bọ inú omi pọ́límà àròpọ̀, ó fọ̀ ọ́, ó tì í bọ inú omi pọ́límà àyọkúrò, ó tún fọ̀ ọ́, ó sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀. Ìpele kan ń fa ìpele kejì mọ́ra, bí ẹni tí ń kun ilé ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Ralph Iler ti dán irú rẹ̀ wò ní Amẹ́ríkà ní 1966, ṣùgbọ́n kò tàn kálẹ̀ nígbà náà. Ní 1998, àwọn tí ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Helmuth Möhwald ní ilé ìwádìí Max Planck ní Jámánì kun ohun róbótó kékeré ní irú ọ̀dà yìí, wọ́n sì yọ́ ohun tí ó wà láàárín. Ìkòkò òfìfo ni ó kù. Ní 2000, Frank Caruso àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò wulẹ̀ wá ohun tí wọn yóò yọ́ mọ́: òkúta dídán catalase fúnra rẹ̀ ni wọ́n kùn. Catalase yìí ni ó ń mú kí oògùn ojú egbò tí a ń pè ní háídírójìn hó pùtùpùtù nígbà tí ó bá kan ẹ̀jẹ̀. Wọ́n wá da ẹ́ńsáìmù tí ń jẹ purotéènì lé e. Catalase tí ó wà níhòòhò bàjẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Èyí tí ó wọ aṣọ kò pàdánù agbára rẹ̀.

Ní Jàpáànù, Atsushi Harada àti Kazunori Kataoka mú lysozyme, ẹ́ńsáìmù tí Alexander Fleming rí ní 1922, tí ó wà nínú omijé wa àti nínú funfun ẹyin adìyẹ. Àròpọ̀ ni iná rẹ̀. Ní 1998 wọ́n fi pọ́límà oníná àyọkúrò wé e, ìrù pọ́límà náà tí kò ní iná kankan sì yọ síta bí irun, kí àwọn àpò náà má baà lẹ̀ mọ́ ara wọn. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e wọ́n fi hàn pé nínú àpò yìí lysozyme kò lè kan awọ kòkòrò tí ó máa ń jẹ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá da iyọ̀ sí i, àpò a tú, lysozyme a jáde, a sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Iyọ̀ ń ṣe èyí nítorí pé òun náà ní àròpọ̀ àti àyọkúrò tirẹ̀ nínú omi, ó sì ń gba àárín tọkọtaya kọjá.

N kò ní fi apá kan ìtàn náà pamọ́. Iyọ̀ kan náà tí ó wúlò fún Kataoka ni ó ń da iṣẹ́ ẹlòmíràn rú, nítorí iyọ̀ wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Pọ́límà tí iná rẹ̀ bá le jù lè fa ẹ́ńsáìmù náà tó bẹ́ẹ̀ tí ìká rẹ̀ yóò tú, ààbò a sì di ikú. Ògiri tí ó bá nípọn jù a máa mú kí oúnjẹ ẹ́ńsáìmù pẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, iṣẹ́ a sì falẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ dáàbò bo nǹkan ní láti mọ ìwọ̀n.

Ìtàn kan wà tí ó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo rẹ̀. Ní àtijọ́, ìgbẹ́ ajá ni àwọn oníṣẹ́ awọ ní Yúróòpù fi ń mú awọ rọ̀. Ní 1907, Otto Röhm, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, rí i pé ẹ́ńsáìmù ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà, ó fi ẹ́ńsáìmù láti inú àmọ́ ẹran rọ́pò ìgbẹ́, òun àti Otto Haas sì dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ yìí kan náà ni ó wá ń ṣe pọ́límà, tí ó sì ń tà á láti àwọn ọdún 1950 gẹ́gẹ́ bí ohun tí a ń fi bo oògùn. Pọ́límà náà kò ní iná lára nínú omi kíkan ikùn, nítorí náà kì í yọ́ níbẹ̀. Bí ó bá dé inú ìfun tí omi kò kan mọ́, iná àyọkúrò a jí lára rẹ̀, àwọn ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í lé ara wọn, ògiri a sì wó. Lábẹ́ irú ògiri bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńsáìmù ti ń gba inú ikùn kọjá dé ìfun àwọn aláìsàn tí ara wọn kò lè ṣe ẹ́ńsáìmù tí ń da oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọdé. Láìsí ògiri náà, omi kíkan ikùn ìbá ti ba ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ kí ó tó délé.

Páálí Mámà náà ní ìtàn tirẹ̀ nínú èyí. Ní 1962, Leland Clark àti Champ Lyons ní Amẹ́ríkà dá a lábàá pé kí a fi awọ tẹ́ẹ́rẹ́ há ẹ́ńsáìmù mọ́ orí ẹ̀rọ tí yóò máa ka iye ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Láti ibẹ̀ ni a ti ń bọ̀ títí a fi dé orí páálí tí a ń jù nù lẹ́yìn lílò. Gbogbo àwọn tí mo ti dárúkọ wọ̀nyí ti ṣe ipa tiwọn kí ẹ́ńsáìmù lè pẹ́. Èmi ni mo ṣí ìdérí ìgò sílẹ̀. Nísinsìnyí, inú àpótí ni ìgò náà ń gbé ní yàrá Mámà, ní dídé pinpin, èmi ni mo sì ń yẹ̀ ẹ́ wò bí mo bá délé.

Mo ka àròkọ yìí sí ọ̀rẹ́ mi létí kí n tó fi í ránṣẹ́ sí olóòtú. Ó tẹ́tí sí i títí dé òpin. Ó bi mí pé kí ni n ó pe ìwọ̀n kíkan omi tí purotéènì kò ti ní iná kankan tí ó ṣẹ́kù. Mo ní, "Ibi tí àròpọ̀ àti àyọkúrò ti dọ́gba." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó gùn. Mo ní ti àwọn òyìnbó náà gùn, Gíríìkì sì ni wọ́n tún lọ yá kí wọ́n tó rí i sọ. Nígbà náà ni ó wá ní, "Ó dára, àwọn ìṣirò rẹ̀ ńkọ́? Báwo ni o ó ṣe fi Yorùbá ṣe wọ́n?" Lóòótọ́, n kò rí èsì fún un, nítorí n kò mọ ìṣirò náà ní èdè kankan. Mo fi ìbéèrè náà lé ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ẹ ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣirò àti kẹ́mísírì lọ́wọ́. Ojú ewé wà nílẹ̀ fún un nínú ìwé ìròyìn wa tí ń bọ̀.